Ìrònúpìwàdà Ojoojúmọ́ àti Ìrẹ̀lẹ̀: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Wá Ṣáá

Ní kíláàsì Bíbélì wa ní Ẹ̀búté Mẹ́ta àti níbi àdúrà ilé, ìbéèrè kan náà ló máa ń padà wá. Ẹ mú èyí tó kàn yín nínú wọn. Ibi tí a bá ti dárúkọ ẹsẹ Bíbélì, ẹ ṣí i wò fúnra yín.

Kí ni ẹ ń pè ní ìrònúpìwàdà ojoojúmọ́?

Òun ni kí ènìyàn máa yẹ ọjọ́ rẹ̀ wò níwájú Ọlọ́run kí ó tó sùn: kí ó dárúkọ ohun tó ṣe tí kò tọ́, kí ó tọrọ ìdáríjì, kí ó sì pinnu pé òun ò ní padà sídìí ẹ̀. Òwe 28:13 so jíjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àti kíkọ̀ ọ́ sílẹ̀ pọ̀, ẹni tó ṣe méjèèjì ló sì sọ pé yóò rí àánú. Ẹni tó kàn ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ tí kò ní in lọ́kàn láti jáwọ́, ìròyìn ló ń ṣe fún Ọlọ́run, Ọlọ́run sì ti gbọ́ ìròyìn náà ṣáájú rẹ̀.

Kò gba òkè àdúrà, kò gba àbẹ́là, kò sì gba owó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá máa ń tó.

Ẹni tó ti di àtúnbí ńkọ́? Ṣé Ọlọ́run ò ti dárí ohun gbogbo jì í?

Ó ti dárí jì í. Nígbà tí Jésù fẹ́ wẹ ẹsẹ̀ Pétérù nínú Jòhánù 13, Pétérù ní kí ó kúkú wẹ ọwọ́ àti orí òun mọ́ ọn. Jésù dá a lóhùn pé ẹni tó ti wẹ̀ kò tún nílò ju kí ó ṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ yẹn ni à ń sọ. Àwọn onígbàgbọ́ ni Jòhánù kọ 1 Jòhánù 1:8-9 sí, níbi tó ti ní bí a bá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wa, olóòótọ́ àti olódodo ni Òun láti dárí rẹ̀ jì wá. Nínú Àdúrà Olúwa pàápàá, oúnjẹ òòjọ́ wà ní Mátíù 6:11, ìdáríjì sì tẹ̀ lé e ní ẹsẹ 12. Ẹni tó ń tọrọ ti àkọ́kọ́ lójoojúmọ́, kí ló dé tó fẹ́ fo èkejì?

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ti ìjọ kan ṣoṣo. Nígbà tí Martin Luther gbé kókó 95 rẹ̀ jáde ní 1517, ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ ni pé Jésù fẹ́ kí gbogbo ìgbésí ayé onígbàgbọ́ jẹ́ ìrònúpìwàdà. Tí ẹ bá sì bi wá, àwọn tó ti pẹ́ nínú ìjọ ló nílò rẹ̀ jù. Ẹni tuntun mọ ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀: sìgá ni, tàbí ọtí, tàbí àlè. Ti díákónì ti wọṣọ ìjọ: ìlara ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí akọrin, òfófó tó ń pè ní "ẹ jẹ́ ká fi àdúrà ràn án lọ́wọ́", ohùn tó fi ń pe mẹ́gáàdì.

Ṣé ìgbà Lẹ́ńtì kọ́ ni wọ́n máa ń ronú pìwà dà?

Lẹ́ńtì dára. Ogójì ọjọ́ ni láti Ọjọ́rú Eléérú títí di Àjíǹde, tí a kò bá ka àwọn ọjọ́ Ìsinmi mọ́ ọn, gbogbo ìjọ ló sì jọ ń ṣe é, èyí tó máa ń fún aláìlera lágbára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bá aládùúgbò rẹ̀ jà lóṣù kẹjọ, tó wá ń dúró de Ọjọ́rú Eléérú kó tó bẹ̀ ẹ́, ìjà náà á ti bímọ.

Mo máa ń jáde nílé ní aago márùn-ún ìdájí, mo máa ń wọlé ní mẹ́wàá alẹ́. Ìgbà wo ni kí n ṣe é?

Ignatius ti Loyola, tó dá ẹgbẹ́ àwọn Jésúìtì sílẹ̀, fi ọ̀nà kan lélẹ̀ tó rọrùn láti rántí: ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́, ẹ ní kí Ọlọ́run là yín lójú, ẹ wo ọjọ́ náà láti wákàtí dé wákàtí, ẹ tọrọ ìdáríjì, ẹ wá pinnu ohun tí ẹ ó tún ṣe lọ́la. Ọpẹ́ ló ṣáájú, ẹ má fò ó. Ẹni tó bá tààrà bọ́ sórí ẹ̀ṣẹ̀ láìdúpẹ́ máa ń yára rẹ̀wẹ̀sì.

Ẹni tó ń ti Agége lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó ní àyè ju bó ṣe rò lọ. Fóònù ló ń jẹ gbogbo àkókò tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí Afárá Third Mainland ń fún wa. Nígbà tí ẹ bá ń darí bọ̀ wálé, ẹ fi í sápò láti Adéníjì títí dé Adékúnlé, ẹ wo ọjọ́ yín yíká. (Awakọ̀, ẹ fojú sọ́nà, ẹ ṣe tiyín nílé.) Tí ọpọlọ bá ti rẹ̀ débi pé ọ̀rọ̀ ò jáde mọ́, àdúrà agbowó-orí inú Lúùkù 18:13 tó: "Ọlọ́run ṣàánú fún mi, èmi ẹlẹ́ṣẹ̀." Ó pẹ́ tí àwọn onígbàgbọ́ ìjọ Orthodox ti ń gba àdúrà kan tó jọ ọ́, tí wọ́n ń pe orúkọ Jésù mọ́ ọn, ní àgbàtúngbà.

Ẹni tí oorun máa ń gbé lọ lálẹ́, kó ṣe é ní òwúrọ̀. Ìbínú nìkan ni a ò ní kí ẹ sún síwájú, nítorí Éfésù 4:26. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń kó gbogbo rẹ̀ pa mọ́ de ìṣọ́ òru ọjọ́ Ẹtì. Nígbà yẹn, ẹ ti gbàgbé ohun tí ẹ sọ sí ìyàwó yín lọ́jọ́ Ajé. Òun ò gbàgbé.

Kí ni kí n máa sọ nínú àdúrà náà?

Ẹ dárúkọ nǹkan. "Olúwa, dárí ẹ̀ṣẹ̀ tí mo mọ̀ àti èyí tí n kò mọ̀ jì mí" jẹ́ àdúrà tó dára, àmọ́ ó ti di ibi ìsápamọ́ fún ọ̀pọ̀ wa. Aránṣọ tó sọ fún oníbàárà lónìí pé "ó ku bọ́tìnnì nìkan", tó sì jẹ́ pé kò tíì gé aṣọ náà rárá, kí ó sọ bẹ́ẹ̀ gan-an: "Olúwa, mo parọ́ fún ìyá oníléèsì nítorí pé mo gba iṣẹ́ ju agbára mi lọ." Ẹ rí i pé ìdí irọ́ náà ti jáde. Láti ibẹ̀ ló ti lè mọ̀ pé iṣẹ́ tí òun ń gbà lásìkò ọdún ni kí òun dín kù.

Ẹ tún wo ohun tó yẹ kí ẹ ṣe tí ẹ kò ṣe. Láti 1552 ni Ìwé Àdúrà àwọn Áńgílíkà ti ní ìjẹ́wọ́ gbogbogbòò tí ìjọ ń kà lówùúrọ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń jẹ́wọ́ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ láìṣe kí wọ́n tó kan ohun tí wọ́n ṣe. Ìpè tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ má gbé nítorí pé ẹ mọ̀ pé owó oògùn ni àbúrò yín fẹ́ béèrè, tó sì jẹ́ pé owó náà wà lọ́wọ́ yín, abẹ́ èyí ló wà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ tiyín bá tán, Sáàmù 51 wà níbẹ̀. Ẹni tó gba obìnrin tó sì pa ọkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ mọ́. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tiyín tí ẹnu rẹ̀ kò gbà.

Ṣé dandan ni kí n sunkún?

Kì í ṣe dandan. Ísọ̀ sunkún gan-an, ìwé Hébérù 12:17 sọ bẹ́ẹ̀, kò sì yí ohunkóhun padà. A ò kà á níbì kankan pé Sákéù sunkún. Owó ló gbé sílẹ̀.

Mo jẹ́wọ́ tán, síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀. Kí ló fà á?

Ó lè jẹ́ pé nǹkan kan ṣẹ́kù: ẹnì kan wà tí ẹ kò tíì bẹ̀, tàbí ohun kan wà lọ́wọ́ yín tí kì í ṣe tiyín. Nígbà tí Ẹ̀mí Mímọ́ bá ń bá ènìyàn wí, ó máa ń tọ́ka sí ohun kan pàtó, ó sì máa ń fi ọ̀nà àbájáde hàn. Ohùn tó kàn ń sọ pé "o ò wúlò, o ò ní yí padà láé" láìsọ ohun tí ẹ ṣe, ẹ má dá a lóhùn. Pétérù sẹ́ Jésù lẹ́ẹ̀mẹta, Júdásì tà á. Àwọn méjèèjì ló kábàámọ̀. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé Pétérù padà lọ bá àwọn yòókù.

Ó tún lè jẹ́ àìsàn. Àwọn kan wà tó ń jẹ́wọ́ ohun kan náà nígbà ogún lóòjọ́, tí ẹ̀rù kò jẹ́ kí wọ́n sùn, tí wọ́n ń wẹ ọwọ́ tàbí tún àdúrà gbà nítorí pé wọ́n rò pé wọ́n ṣì í pè. Ìdààmú bẹ́ẹ̀ bá Ignatius tí a dárúkọ lókè fúnra rẹ̀ jà ní ìlú Manresa ní ilẹ̀ Sípéènì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ẹni tó bá ń rí i lára rẹ̀, kó sọ fún pásítọ̀ tó ní làákàyè, kó sì tún rí dókítà. Ẹ̀rín ni ará Èkó máa ń fi orúkọ ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Yábàá rín. Ilé ìwòsàn bíi ti ìyókù ni, wọ́n sì ń tọ́jú èèyàn níbẹ̀.

Ṣé ìrẹ̀lẹ̀ ni kí n máa sọ pé n kò já mọ́ nǹkan kan?

Rárá. Numeri 12:3 ní Mósè ni ọlọ́kàn tútù jù lọ lórí ilẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló dúró níwájú Fáráò. Akọrin tó mọ̀ pé ohùn òun dára, tó ń sọ pé "mi ò mọ̀ ọ́n kọ, ẹ fún ẹlòmíràn" kí wọ́n lè bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ìyìn ló ń wá. Kó dìde kọrin. Bí wọ́n bá yìn ín, kó ní "ẹ ṣé, Ọlọ́run ló fún mi", kó sì jókòó.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìrẹ̀lẹ̀ òun ti tó, kó wo ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá bá a wí. Ṣé ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, àbí ó ti ń ṣe ìṣirò ohun tí ẹni tó ń bá a wí náà ṣe lọ́dún tó kọjá? Púpọ̀ nínú wa, ní tòótọ́, ìwé ìṣirò yẹn wà lórí wa.

Mo máa ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, mo máa ń bọ́ bàtà wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé ìyẹn ò tó?

Ẹ má fi í sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé tó dáa ni. Láti 1925 tí ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó yìí lọ́wọ́ Moses Orímọládé àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ Aládùúrà ló ń bọ́ bàtà bíi ti Mósè níwájú igbó tó ń jó nínú Ẹ́kísódù 3:5. Ẹni tó bá bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, tó wọlé lọ já àga gbà mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́, bàtà nìkan ló bọ́.

Nínú òfin tí Benedict ti Nursia kọ fún àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà, ó to ìrẹ̀lẹ̀ sí ìgbésẹ̀ méjìlá ní orí 7. Ìbẹ̀rù Ọlọ́run nínú ọkàn ló fi ṣe ìkínní. Orí títẹ̀ba àti ìdúró ara ló kẹ́yìn, ìgbésẹ̀ kejìlá. Àwa máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìparí.

Ẹ wo ẹni tí ẹ máa ń dọ̀bálẹ̀ fún. Tí ó bá jẹ́ olóyè, onílé àti Alhaja tó ń yáni lówó nìkan ni, ìmọ̀ ọgbọ́n ayé lẹ ní. Àwọn ìyá àgbàlagbà tó ń gbá títì Ìkòròdú Road kí ilẹ̀ tó mọ́ dàgbà ju púpọ̀ nínú wa lọ. Ta ló ń kí wọn "ẹ kú iṣẹ́, mà"? Ọmọ ogún ọdún tó ń wa ọkọ̀ olówó ń fi fèrè lé wọn kúrò lọ́nà, ó sì lè jẹ́ pé ìpàdé àdúrà òwúrọ̀ ló ń sáré lọ.

Ṣé Ọlọ́run nìkan ni kí n jẹ́wọ́ fún, àbí kí n lọ bá fádà tàbí pásítọ̀?

Ìjọ Àgùdà ní kí ẹni tó ti tó mọ rere yàtọ̀ sí búburú máa jẹ́wọ́ fún àlùfáà ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Láti Ìgbìmọ̀ Láteránì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ náà ní 1215, ni òfin yẹn ti wà, àlùfáà kò sì gbọdọ̀ tú àṣírí náà fún ẹnikẹ́ni. Ní àwọn ìjọ Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì, gbogbo ìjọ máa ń jùmọ̀ jẹ́wọ́ ni. Àwọn Pẹ́ńtíkọ́sì máa ń tọ́ka sí Jákọ́bù 5:16, pé kí a jẹ́wọ́ fún ara wa.

Èrò tiwa rèé. Ohun tó wà láàárín ẹ̀yin àti Ọlọ́run, ẹ parí rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Èyí tí ẹ fi ṣẹ ẹnì kan, ẹ lọ bá ẹni náà pẹ̀lú, nítorí Mátíù 5:23-24 ní kí ẹ fi ọrẹ yín sílẹ̀ níwájú pẹpẹ ná. Èyí tó ti di ẹrú yín, tí ẹ kò lè fi sílẹ̀ lẹ́yin nìkan, ẹ sọ ọ́ fún ẹnì kan tó dàgbà nínú ìgbàgbọ́ tí ẹnu rẹ̀ sì wúwo. Pásítọ̀ tó máa ń sọ pé "ẹnì kan wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá" lórí pẹpẹ, kí ẹ kàn máa kí i nìkan.

Ṣé kí n jẹ́wọ́ sórí WhatsApp tàbí Facebook kí ojú lè ti Èṣù?

Ẹ má ṣe é. Bí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá ṣe gbòòrò tó ni kí ìjẹ́wọ́ rẹ̀ gbòòrò mọ. Èyí tí ẹ ṣe ní gbangba, tí ẹ fi ba ẹnì kan lórúkọ jẹ́ ní gbangba, gbangba náà ni kí ẹ ti tún un ṣe. Èyí tó kan ẹni méjì, orúkọ ẹnì kejì wà nínú rẹ̀.

Mo ti jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run. Ṣé mo ṣì gbọ́dọ̀ dá owó náà padà?

Bẹ́ẹ̀ ni. Lefitiku 6:1-5 ní kí ẹni tó rẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ jẹ dá odidi rẹ̀ padà, kó sì fi ìdá márùn-ún rẹ̀ lé e, ọjọ́ kan náà tó bá mú ẹbọ wá. Sákéù tiẹ̀ sọ tirẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin, ó tún fi ìdajì ohun ìní rẹ̀ fún tálákà. Ìjọ Deeper Life, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1973 láti ìpàdé Bíbélì kékeré kan ní Yunifásítì Èkó, ti pẹ́ tó ti ń tẹnu mọ́ ìdápadà. Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Lórí èyí, ọ̀pọ̀ ìjọ tó kù ló ń sá fún ohun tí Bíbélì sọ.

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sọ́jà. Oníṣòwò kan ní Òyìngbò ń fi kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú wọn ẹ̀wà àti gàrí. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ó sọ kóńgò yẹn nù lónìí, kó ra èyí tó pé. Kó má ní "ẹ jẹ́ kí n ta àpò yìí tán." Oníbàárà tó mọ̀, bí ìyá olóúnjẹ tó ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó sọ fún un, kó wọn ẹ̀kún rẹ̀ fún un. Ó ṣeé ṣe kí ìyá náà pariwo, kó má padà rajà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ara rẹ̀ ni. Àwọn tí kò mọ̀, tí kò lè rí mọ́, kó fojú bu iye tó jẹ lọ́wọ́ wọn, kó fi fún tálákà láìfọn fèrè. Kó má mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n wá pe orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùfọkànsìn.

Ẹni tó so wáyà iná gba ẹ̀yìn mítà, kó lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ iná, kó ní òun fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe. Owó ìtanràn á wọ̀ ọ́ lára. Kó ní kí wọ́n pín in fún òun san díẹ̀díẹ̀. Kọ́ndọ́ tó mọ̀ọ́mọ̀ fi ṣénjì èrò sílẹ̀ kí ó lè gbàgbé, tó sì jẹ́ pé ọ̀nà Ọ̀ṣòdì ni wọ́n jọ ń rìn lójoojúmọ́, ó mọ ojú rẹ̀. Èrò tó sọ̀ kalẹ̀ ní Òjúẹlẹ́gba láìsanwó nígbà tí ọkọ̀ kún, òun náà mọ kọ́ndọ́.

Tí owó ò bá sí nísinsìnyí, ẹ lọ sọ fún ẹni náà, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ẹ dá ìgbà, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í san, ì báà ṣe díẹ̀. Ìdá mẹ́wàá tí ẹ yọ lórí owó náà kò sọ ìyókù di tiyín.

Ṣé ó bójú mu kí bàbá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ, tàbí ọ̀gá lọ́wọ́ ọmọṣẹ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ nìyí. Nílé wa, bàbá tó bá ṣi ọmọ nà kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ó lè ṣẹ́ ẹran fún un lálẹ́, kó ní "wá jẹun, ọmọ mi", ọmọ náà sì mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni. Ìfẹ́ wà níbẹ̀, a ò sẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò sọ fún ọmọ náà pé ohun tí wọ́n ṣe fún un kò dára, ohun tó sì ń kọ́ ni pé bí èèyàn bá ti dàgbà, kì í ṣẹ̀ mọ́. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ìyàwó rẹ̀ ló máa jẹ nínú ẹ̀kọ́ yẹn.

Ẹ pè é, kí ẹ sọ ọ́ kúkúrú: "Ọmọ mi, mo nà ọ́ lórí ohun tí o kò ṣe. Mo ṣẹ̀ ọ́. Dárí jì mí." Ẹ má fi "ṣùgbọ́n ìwọ náà" kún un, ìyẹn ní ọjọ́ tirẹ̀. Kì í dín ọ̀wọ̀ kù. Dáfídì wà lórí ìtẹ́ nígbà tó sọ fún Nátánì pé "Mo ti ṣẹ̀ sí Olúwa" nínú 2 Sámúẹ́lì 12:13, wọn ò sì gba adé lórí rẹ̀ nítorí ẹ̀.

Ọ̀gá ní Ìdúmọ̀tà tó pe ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ní olè níwájú oníbàárà, tó wá rí owó náà nínú dúrọ́ọ̀, kó má mú ọmọ náà lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù lọ bẹ̀ ẹ́. Níwájú àwọn tó gbọ́ èyí àkọ́kọ́ ni kí ó ti sọ ọ́.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni mo ń padà sí. Ṣé kò tíì sú Ọlọ́run?

Lúùkù 17:4 ní bí arákùnrin rẹ bá ṣẹ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀méje lóòjọ́ kan, tó sì padà lẹ́ẹ̀méje pé òun ronú pìwà dà, kí o dárí jì í. Ọlọ́run kò ní kí a ṣe ohun tí Òun fúnra rẹ̀ kò lè ṣe. Nítorí náà ẹ padà.

Ṣùgbọ́n ẹ yí ọ̀nà yín padà pẹ̀lú. Ẹni tí tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ń jẹ lówó, tó ń sunkún lálẹ́, tó ṣì ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ kọjá lówùúrọ̀ pẹ̀lú owó oṣù lápò, kó gba títì kejì. Kó pa ohun tẹ́tẹ́ rẹ́ lórí fóònù. Kó fún ìyàwó tàbí ẹ̀gbọ́n ní owó náà pa mọ́. Àdúrà pọ̀ tí a gbà lórí ohun tí yíyí ọ̀nà tí à ń gbà padà nìkan ì bá yanjú.

Èkó nìyí. Tí mo bá rẹ ara mi sílẹ̀, ṣé wọn ò ní tẹ̀ mí mọ́lẹ̀?

Àwọn kan á gbìyànjú. Ìrẹ̀lẹ̀ kò sì ní kí ẹ dákẹ́. Nígbà tí ìránṣẹ́ kan gbá Jésù létí níwájú àlùfáà àgbà, ó bi í ní ohun tó fi lù ú (Jòhánù 18:23). Ní Fílípì, Pọ́ọ̀lù kọ̀ láti yọ́ jáde lẹ́wọ̀n. Ó ní àwọn tó na òun ní gbangba láìdájọ́, kí wọ́n wá fúnra wọn mú òun jáde (Ìṣe 16:37).

Ẹ wo Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ní 1890, nígbà tó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, àwọn míṣọ́nnárì ọ̀dọ́ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jókòó ìgbìmọ̀ ní Oníṣà, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀. Ó ta kò wọ́n, ó sì fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Bàbá náà kú ní Èkó ní 31 oṣù Kejìlá, 1891. Onírẹ̀lẹ̀ ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n dojú kọ àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ara yín ni pé: nítorí ta ni mo ṣe ń jà? Ẹni tó ń jà fún owó iṣẹ́ tí wọ́n jẹ ẹ́, tàbí fún ayálégbé tí wọ́n lé jáde láìfún un ní ìwé, ó lè jẹ́ onírẹ̀lẹ̀. Ẹni tó ń pariwo pé "ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́?" nítorí pé wọ́n fi ọkọ̀ dí i lọ́nà, ó ti dáhùn ìbéèrè náà.

Ọkọ mi máa ń lù mí, lẹ́yìn náà á kúnlẹ̀ sunkún. Pásítọ̀ ní kí n máa dárí jì í. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ lọ síbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti lè tó yín. Ìdáríjì kò ní kí ẹ gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú ẹni tó lè pa yín. Ìkúnlẹ̀ tó bá ń tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ìlù kọ̀ọ̀kan ti di apá kan ìlù náà. Jòhánù Onítẹ̀bọmi béèrè èso tó yẹ ìrònúpìwàdà nínú Lúùkù 3:8. Èso ti ọkọ yín ni pé kí ó gbà pé kí ẹ lọ, kí ó sọ òtítọ́ fún ẹbí, kí ó gba ìtọ́jú, kó sì fara mọ́ ohun tí òfin bá sọ.

Láti 2007 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tó ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ ìwà ipá nínú ilé, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí i, DSVA, sì ń gba ẹjọ́ irú rẹ̀. Lílọ síbẹ̀ kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Pásítọ̀ tó bá ní kí ẹ máa gbàdúrà níbẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ṣẹ́, nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Mo dalẹ̀ ìyàwó mi nígbà kan, kò mọ̀. Ṣé kí n sọ fún un?

Àwa olùkọ́ pàápàá kì í fohùn ṣọ̀kan lórí èyí. Ibi tí a ti fohùn ṣọ̀kan ni pé tí ó bá ṣì ń lọ lọ́wọ́, tí ọmọ bá wà níbẹ̀, tàbí tí àìsàn bá ṣeé ṣe, ó gbọ́dọ̀ mọ̀, kí ẹ sì ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó tún sún mọ́ ọn.

Èyí tó ti parí pátápátá, èmi tó ń kọ èyí gbà pé kí ẹ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má dá a sọ. Ẹ kọ́kọ́ bá agbaninímọ̀ràn kan tó dákẹ́ jókòó, kí ó sì wà níbẹ̀ tàbí nítòsí lọ́jọ́ náà. Ẹ má sọ ọ́ ní aago kan òru nítorí pé ẹ̀rí ọkàn kò jẹ́ kí ẹ sùn, kí ẹ wá sùn tán kí òun máa wo àjà. Tí ó bá béèrè ìbéèrè, òtítọ́ ni kí ẹ fi dáhùn. Tí ó bá ní òun nílò àkókò, ẹ fún un, kí ẹ má sì ka ẹsẹ Bíbélì nípa ìdáríjì fún un. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ó kà á.

Ẹni tí mo ṣẹ̀ kọ̀ láti dárí jì mí. Òmíràn ti kú. Báwo ni kí n ṣe parí rẹ̀?

Ti ẹni tó kọ̀: ẹ ti sọ tiyín, ẹ ti dá ohun tó jẹ́ tirẹ̀ padà. Ẹ má rán alàgbà mẹ́rin lọ bá a kí wọ́n fi àgbà mú un. Ó lè gba ọdún, ó sì lè má gbà. Róòmù 12:18 ní bí ó bá lè ṣe, níwọ̀n bó ti wà lọ́wọ́ yín.

Ti ẹni tó kú: ẹ jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run. Tí ó bá jẹ́ owó tàbí ilẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ni ín. Numeri 5:7-8 ní kí a fún ìbátan rẹ̀, bí kò bá sì ní ìbátan, kí ó jẹ́ ti Olúwa. Tí ó bá jẹ́ orúkọ rẹ̀ lẹ bà jẹ́, iṣẹ́ ṣì wà fún yín láàárín àwọn alààyè. Àwọn kan máa ń lọ bá òkú sọ̀rọ̀ lójú sàréè ní Àtàn. Àwọn tí ẹ parọ́ náà fún kò sí níbẹ̀. Sùúrùlérè ni wọ́n wà, àti Múṣin, àti nínú ìjọ yín, ilé wọn sì ni kí ẹ lọ.